Kí ni kí a pe irinṣẹ́ tó ń gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà?

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa,

Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa kan mú wá, pé nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń ṣe fún títúmọ̀ Debian (ètò ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́), "ohun èlò ìfisórí aláwòrán" (graphical installer) ni kí a máa pe ojú kejì, èyí tí a fi àwòrán ṣe, yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ tó jẹ́ lẹ́tà nìkan, tí àwọn tó ń ṣe é fi kún irinṣẹ́ wọn nígbà tí ẹ̀dà 4.0 jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2007. Mo fara mọ́ apá kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n "ìfisórí" kò tẹ́ mi lọ́rùn. Yorùbá kì í sọ pé òun fi nǹkan sórí láìsọ orí ohun tí ó fi í sí. Bí a bá gbọ́ ọ lásán, ẹrù tàbí fìlà ni ọkàn ń lọ sí, ọmọ ilé ìwé á sì rò pé àkọ́sórí ni. "Agbétòkalẹ̀" tí ẹlòmíràn dá ní ìhun tó gún régé, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ràn rédíò yóò gbà pé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rédíò ni à ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni "atọ́kùn". Nídìí eégún ni ó ti wá: atọ́kùn ni ó ń tọ́ eégún sọ́nà, tí ó sì ń ṣe agbẹnusọ láàárín òun àti àwọn òǹwòran. Àwọn oníròyìn ti yá a lò fún ẹni tó ń darí ètò, kò sì sí ẹni tí etí rẹ̀ ń ta sí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irinṣẹ́ yìí ń ṣe: ó ń béèrè èdè tí a fẹ́, orílẹ̀-èdè tí a wà, irú kíbọọ̀dù tí a ní àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí a ó máa lò, ó sì ń mú wa láti ìbéèrè kan bọ́ sí òmíràn. Ẹnìkan ti bi mí pé ṣé atọ́kùn náà ló ń jó ni? Rárá o. Àwọn ètò kéékèèké inú rẹ̀ ló ń jó: Partman ló ń pín dísíìkì, debootstrap ló ń kó ìpìlẹ̀ ètò náà sílẹ̀. Cdebconf tó ń béèrè kì í dá sí iṣẹ́ wọn.

Ní ti "aláwòrán", mo kọ́kọ́ ta kò ó, nítorí kò sí fọ́tò kankan tí ènìyàn ń wò níbẹ̀, ìbéèrè kan náà sì ni ojú méjèèjì ń béèrè. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni àmì ohùn wa. Kọ́ńsóòlù Linux tí kò lo àwòrán (ibi tí ojú àkọ́kọ́ ti ń fi lẹ́tà hàn; Linux ni Debian dúró lé) kì í gbà ju ìrísí lẹ́tà 512 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àyè kọ̀ọ̀kan sì wà fún lẹ́tà kan ṣoṣo. "Ẹ́" tiwa kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. "Ẹ" ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì ohùn òkè lé e lórí, nígbà tí "ệ" ti àwọn ará Vietnam ní nọ́ńbà tirẹ̀ gedegbe (ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ó dùn mí). Ní ojú kejì, a máa ń ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ya àwòrán, nítorí náà ni àmì fi lè jókòó sórí lẹ́tà bó ṣe yẹ. Abájọ tí àwọn èdè kan fi wà tó jẹ́ pé ojú aláwòrán nìkan ni irinṣẹ́ náà lè fi sọ wọ́n.

Nítorí náà, mo gba "àwòrán", ṣùgbọ́n ojú ni kí a so ó mọ́, kì í ṣe irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: "atọ́kùn olójú àwòrán". Orúkọ ojú àkọ́kọ́, èyí tí kò lo àwòrán, ni mo ṣì ń ṣiyèméjì lé lórí. "Olójú ọ̀rọ̀" ni mo kọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni méjèèjì fi ń béèrè. Bóyá "olójú lẹ́tà" ni yóò sàn jù, bí ẹ kò bá ní èyí tó dá ṣáká jù ú lọ.