Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará: wọ́n ní kòkòrò TB ara àbúrò mi ò gbóògùn mọ́

Àdùkẹ́: Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe àbúrò mi ọkùnrin. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mò ń ka oògùn sí i lọ́wọ́ láràárọ̀. Lánàá a lọ gba èsì àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì kan tí kò ju ọmọ mi lọ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ó ń lo oògùn yìí ṣá?" Lójú gbogbo èrò! Dókítà wá ní kòkòrò náà ti yí padà, oògùn TB méjì, rifampicin àti isoniazid, ò ràn án mọ́, àfi ká bẹ̀rẹ̀ oògùn mìíràn. Kòkòrò wo ló ń yí padà? Oògùn wọn ni kò dáa, tàbí kó jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń wúkọ́ sí i lójú, ló kó èyí tó le ràn án. Mo ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe. Ṣé ká pààrọ̀ ilé ìwòsàn ni?

Ìyá Tèmi: Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ẹ kúrò níbẹ̀ kíá. Ẹni tí kò níwà, kí ló fẹ́ wò sàn?

Bàbá Dámọ́lá: Èmi náà lo oògùn TB fún oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ kìíní tí ìtọ̀ mi pọ́n ròrò, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, mo pariwo tí gbogbo ilé fi jí. Rifampicin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó fara dà á.

Kúnlé Láàbù: Ma, oṣù mélòó ló ti lò ó? Ṣé wọ́n yẹ jíìnì kòkòrò náà wò níbẹ̀rẹ̀?

Àdùkẹ́: Oṣù márùn-ún. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní rifampicin á pa kòkòrò náà. Kò sì pa ọjọ́ kan jẹ rí!

Olóòótọ́: Kòkòrò ti gbọ́n ni. Ó ti kọ́ oògùn yẹn mọ̀.

Kúnlé Láàbù: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kì í kọ́ nǹkan kan. Àkójọ jíìnì kòkòrò yìí dà bí ìwé tó ń bẹ nínú rẹ̀, tó ń sọ bó ṣe máa rí; ìwé yìí, tí wọ́n kà tán ní 1998, ń lọ bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 4.4. Gbogbo rẹ̀ ló ń dà kọ nígbà tó bá fẹ́ pín sí méjì, àṣìkọ a sì máa wọ̀ ọ́, lẹ́tà kan péré. Àṣìkọ ò mọ oògùn. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sínú apá kan ìwé náà, jíìnì tí wọ́n ń pè ní rpoB, rifampicin ò ní ríbi dì mú mọ́. Inú lẹ́tà 81 níbẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Ti isoniazid, inú jíìnì mìíràn, katG, ló wọ́pọ̀. Nínú bíi 100 mílíọ̀nù kòkòrò, ẹ lè rí ẹyọ kan tí rifampicin ò ní ràn, kí ẹnikẹ́ni tó gbé oògùn mì rárá. Ihò kan nínú ẹ̀dọ̀fóró sì lè gba iye yẹn. Oògùn kàn ń pa àwọn yòókù ni, ẹyọ yẹn á wá máa bí sí i láìsí alátakò. Ìdí tí a fi ń lo oògùn mẹ́rin pọ̀ nìyẹn: èyí tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, òmíràn á pa á. Nígbà tí wọ́n fi streptomycin nìkan tọ́jú ènìyàn ní nǹkan bí 1947, ara wọn yá, àmọ́ láàárín oṣù díẹ̀ kòkòrò ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Olóòótọ́: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò lo oògùn TB rí láyé rẹ̀, èyí tí kò gbóògùn ló mú un. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn.

Àdùkẹ́: Ẹ ò rí i! Mo sọ ọ́! Ẹni ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni!

Kúnlé Láàbù: Òótọ́ ni, wọ́n máa ń kó o ranni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò ti àbúrò yín, rifampicin ṣì lè pa á níbẹ̀rẹ̀. Kòkòrò yìí kì í yára yí: bíi lẹ́tà kan láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Bí wọ́n bá ka ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìsinsìnyí, tí ìyàtọ̀ wọn ò ju lẹ́tà mélòó kan lọ, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Ma, ẹyọ oògùn mélòó ló ń lò láràárọ̀?

Ìyá Tèmi: Ẹ ṣì kúrò níbẹ̀ o.

Kúnlé Láàbù: Àǹtí Àdùkẹ́, ẹyọ mélòó?

Àdùkẹ́: Mẹ́rin ni wọ́n kọ. Méjì ló ń lò.

Bàbá Dámọ́lá: Méjì yòókù ńkọ́?

Àdùkẹ́: Èmi ni. Mo ka méjì sí i lọ́wọ́, mo ka méjì sọ́wọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wúkọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ó ti mú èmi náà. Mo rò pé bí a bá pín in, a ó jọ yá. Ẹ má bú mi.

Olóòótọ́: Háà! Ẹ sì ń gbé e ru ẹlòmíràn!

Kúnlé Láàbù: Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ma, ẹ má pín oògùn mọ́. Oògùn tí kò tó ń fún ẹyọ tó ṣẹ́ kù yẹn láàyè. Lọ́la, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ fún wọn ní kèlẹ̀bẹ̀, kí wọ́n yẹ jíìnì tiyín wò lọ́tọ̀. Ó lè má jọ tirẹ̀. Ẹ sọ bí ẹ ṣe pín in gan-an, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Láti 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ìtọ́jú oṣù mẹ́fà fún irú èyí, oògùn kan tó ń jẹ́ bedaquiline wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé wò. Ẹ má sì pín ìyẹn náà o, torí kòkòrò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bákan náà. Ṣé ọmọdé wà nílé?

Àdùkẹ́: Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń sùn. Ó ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Kúnlé Láàbù: Ẹ gbé e dání, ma.