Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jẹ́ kí bàbá ọmọ mi máa rí i?

Abiyamọ: Ẹ jọ̀ọ́, oṣù mẹ́jọ rèé tí èmi àti bàbá ọmọ mi ti pínyà. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ wà, ọmọ ọdún márùn-ún ni. Bàbá rẹ̀ ò mú owó ìtọ́jú wá mọ́, síbẹ̀ ó fẹ́ máa wá mú un ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ṣé mo lè ní kó má rí i títí yóò fi sanwó?

Ìyá Àgbà: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má ṣe é o. Owó lọ́tọ̀, rírí ọmọ lọ́tọ̀. Gbé ọ̀rọ̀ owó lọ síwájú adájọ́, kó pàṣẹ iye tí yóò máa san. Má fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè bàbá rẹ̀.

Agbẹjọ́rò: Òótọ́ ni ìyá wa sọ. Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1989, abala 9, sọ pé ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ kan ní ẹ̀tọ́ láti máa rí i déédéé, àfi tí ìyẹn bá máa pa ọmọ lára. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni wọ́n pè é, kì í ṣe ti bàbá. Tó bá ń lu ọmọ, tàbí tó ń mutí wakọ̀, ẹ tètè sọ fún ilé ẹjọ́. Adájọ́ lè ní kí ẹlòmíì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ríra.

Bàbá Àkọ́bí: Ẹ kú àfaradà. Èmi ni wọ́n fi ọmọ pamọ́ fún rí, oṣù mẹ́rin gbáko. Ọjọ́ tí mo padà rí i, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló sá sí. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ó ń dùn mí di òní. Ohun tó yọ wá ni pé a kọ àdéhùn sínú ìwé: ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Olùkọ́ ló ń fà á lé mi lọ́wọ́, nítorí náà èmi àti ìyá rẹ̀ kì í pàdé, ariwo ò sì sí. Ìwé pélébé kan wà nínú báàgì rẹ̀ tí a ń kọ oògùn tó lò àti bó ṣe sùn sí. Mo sì ń sanwó, ó pọn dandan.

Omi Tútù: Ẹ má máa rán an níṣẹ́ "sọ fún bàbá rẹ pé" o. Ó wúwo jù fún ọmọ.

Abiyamọ: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ń sọ fún un pé bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò. Lálẹ́ yìí ni màá pè é kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ owó, ó di ilé ẹjọ́ lọ́la.