Ọmọ mi kò fẹ́ jẹun tí kò bá sí ajá Paw Patrol lára rẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àyọ̀, Birmingham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìmọ̀ràn tí ẹ ń fún àwọn ẹlòmíràn, mi ò béèrè ohunkóhun rí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń gba oorun lójú mi.

Àyọ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún lóṣù kẹta. Láti ìgbà tó ti wà ní nọ́sìrì ló ti fẹ́ràn àwọn ajá Paw Patrol. Mi ò ní ìjà pẹ̀lú kátúùnù náà, àwọn ajá ibẹ̀ a máa ran èèyàn lọ́wọ́, Àyọ̀ náà sì ti kọ́ láti máa ran àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú oúnjẹ. Bisikíìtì, yúgọ́ọ̀tì, oje èso inú páálí, ohunkóhun tí wọ́n bá ti ya ajá sí lára ni tirẹ̀. Ìyókù, kò jẹ. Mo din àkàrà láàárọ̀ Sátidé, àkàrà tó jẹ́ pé lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń dúró sí títí yóò fi jinná. Ó wò ó, ó ní, “Mọ́mì, Chase ò sí lára ẹ̀.” Ọ̀kan nínú àwọn ajá náà ni Chase. Ó sì kúrò nídìí tábìlì.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ihò méjì ni wọ́n rí, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Dókítà bi mí pé kí ló ń mu láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ, mo sì sọ òtítọ́ fún un. Nígbà tí a délé, mo wọ balùwẹ̀, mo sunkún díẹ̀.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ti wà lọ́dọ̀ wa láti oṣù tó kọjá, láti Ìbàdàn ni wọ́n ti wá. Mo fẹ́ràn Màmá dọ́kàn. Àwọn ló ń gbé àbúrò Àyọ̀ pọ̀n kí n lè rí iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n wọn kì í jáde kí wọ́n má mú ọ̀rá bisikíìtì alájá bọ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, dókítà eyín ti kìlọ̀ o.” Wọ́n ní, “Ṣé kí n tọjà dé kí ọmọ wá wo ọwọ́ mi, kó rí i lófìfo?” Ẹnu mi kú.

Ohun kan tún wà tí mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ̀ pàápàá. Ní Mọ́ńdé, mo ń gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àyọ̀, mo rí páálí bàtà kan. Mo ṣí i. Ọ̀rá bisikíìtì ló wà níbẹ̀, mọ́kànlélógún. Ó ti fọwọ́ tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, ó tò wọ́n: Chase lápá kan, Marshall lápá kan, Skye nìkan ní ìgun. Bisikíìtì tó ti rún ṣì wà nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú wọn, kò jẹ ẹ́ tán. Mo fẹ́ kó o dànù, ọwọ́ mi kò gbé e. Mo dá a padà síbi tó wà.

Ṣé kí n dá gbogbo rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni? Báwo ni mo sì ṣe máa bá Màmá sọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé mo ń lé wọn?

Ìyá Ìbejì

Ìyá Àyọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ nu ojú yín nù, a ti wà níbẹ̀ rí. Tiwa, ẹlẹ́dẹ̀ inú kátúùnù tí wọ́n ń pè ní Peppa Pig ni.

Páálí bàtà yẹn ni kí ẹ tún wò dáadáa. Ọmọ tí oyin bá wọ̀ lẹ́nu kì í fi bisikíìtì sílẹ̀ kó máa tọ́jú ọ̀rá. Ajá ni Àyọ̀ ń fẹ́, kì í ṣe ṣúgà. Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe nǹkan kan lọ́dún 2010 tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n kó ogójì ọmọ jọ, ọlọ́dún mẹ́rin sí mẹ́fà. Wọ́n gbé oúnjẹ kan náà fún wọn nínú ọ̀rá méjì, àwòrán kátúùnù, Scooby-Doo tàbí Dora tàbí Shrek, wà lára ọ̀kan, kò sí nǹkan kan lára èkejì. Àwọn ọmọ ní èyí tó ní àwòrán ló dùn jù. Oúnjẹ kan náà o! Àwòrán ń wọ ahọ́n ọmọdé.

Èmi fi ìyẹn ṣiṣẹ́ fúnra mi. Mo ra sítíkà Peppa, ìwé kan báyìí, mo ń lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ọsàn, mọ́ ara ìdérí abọ́ mọ́ínmọ́ín. Ọjọ́ kẹta ni Kẹ́hìndé jẹ mọ́ínmọ́ín tán. Táíwò gba ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sáré. Àwọn tó ni Sesame Street, ètò ọmọdé orí tẹlifíṣọ̀n tí Elmo àti Big Bird wà nínú rẹ̀, náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2013 ni Michelle Obama kéde pé wọ́n gbà kí àwọn oníṣòwò èso àti ewébẹ̀ ní Amẹ́ríkà lo àwòrán Elmo àti Big Bird fún ọdún méjì láìsan owó àṣẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ má bínú sí mi o, èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Gbogbo wa la jẹ gúrúdì àti bàbá dúdú nílé, ta ló kú? Tí ẹ bá sọ ọ́ di èèwọ̀, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò ti máa jẹ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ títí yóò fi sú u.

Bàbá Ọlá

Àbúrò mi Ọmọ Ìjẹ̀bú, èèwọ̀ tí o sọ yẹn, mo fara mọ́ ọ. Ibi tó kù ni mi ò fara mọ́. Bàbá dúdú tí a jẹ, ọjọ́ tí owó bá wà ni. Wọn kì í gbé e sí wa lójú láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí wọ́n tún ya ọ̀rẹ́ wa sí lára rẹ̀.

Mo ti ń to ọjà sí pẹpẹ ní súpámákẹ́ẹ̀tì fún ọdún mẹ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Kì í ṣe àwọn tó ni kátúùnù ló ń yan bisikíìtì. Ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé kan ní Kánádà, Spin Master, ló ni Paw Patrol, ọdún 2013 ló sì kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Peppa bẹ̀rẹ̀ níbí lọ́dún 2004, Hasbro ló ni ín báyìí. Àwọn tó ni àwòrán á fún olóúnjẹ ní àṣẹ, olóúnjẹ á sanwó lé e. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí ajá kan náà lára omi lásán, kí ẹ tún rí i lára súìtì. Àwòrán kò sọ nǹkan kan fún yín nípa inú ọ̀rá.

Kódà, kò dá wa lójú pé ìta ọ̀rá náà mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, súpámákẹ́ẹ̀tì Lidl ní kí àwọn oníbàárà dá oríṣi bisikíìtì Paw Patrol mélòó kan padà, kí wọ́n gba owó wọn. Bisikíìtì náà kò ṣe nǹkan kan. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ ló ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó wá ń gbé ìwà àìtọ́ tí kò yẹ ojú ọmọdé jáde. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ajá lè dé.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ọ̀rá ni kí ẹ máa kà, Ìyá Àyọ̀. Ẹ má wo iye ṣúgà tí wọ́n kọ fún ẹyọ kan, torí pé wọ́n lè gé ẹyọ náà kékeré. Ẹ wo ti ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Tí ṣúgà rẹ̀ bá ju gíráàmù 22.5 lọ, pupa nìyẹn, àwọ̀ tí wọ́n fi ń sọ lára ọ̀rá pé ó pọ̀ jù. Tí kò bá ju 5 lọ, àwọ̀ ewé nìyẹn, ó kéré. Bí mo ṣe kọ́ Ọlá nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá pupa lára ọjà báyìí.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, òfin kò gbà kí àwọn ilé ìtajà ńlá ní England to oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá (irú èyí tó wà nínú òróró) inú rẹ̀ pọ̀ jù sí ẹnu ọ̀nà tàbí ìdí ibi ìsanwó. Ó ran òbí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan àwòrán ara ọ̀rá. Ní orílẹ̀-èdè Chile, wọ́n ti yọ kátúùnù kúrò lára irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2016. Ó wù mí kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀.

Alhaja ti Peckham

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí láàárín wa, ẹ fi èyí kún un. Níbi ọjọ́ ìbí ọmọ kíláàsì ọmọ mi, wọ́n pín súìtì rọ̀bọ̀tọ̀ kan, ẹranko inú kátúùnù ló wà lára rẹ̀, mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ó ti jẹ mẹ́ta kí n tó yí ẹ̀yìn ọ̀rá padà. Jẹ́látìnì ẹlẹ́dẹ̀, ohun tí wọ́n fi awọ àti egungun rẹ̀ ṣe kí súìtì lè máa fà. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ń bi mí bóyá Ọlọ́run máa bínú sí òun. Mo gbá a mọ́ra, mo ní ohun tí èèyàn kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ibi tí mo kọ́kọ́ ń wò ni ọ̀rọ̀ jẹ́látìnì. Ó máa ń wà nínú súìtì tó ń fà, nínú marshmallow, nínú yúgọ́ọ̀tì mìíràn pàápàá. Tí wọn kò bá sọ ẹran tó ti wá, mi ò rà. Èyí tí wọ́n bá kọ pé àwọn tí kì í jẹran lè jẹ, kò ní jẹ́látìnì ẹran nínú, ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀. E120 tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn ọ̀rá náà, àwọ̀ pupa ni, ara kòkòrò ni wọ́n ti ń fà á jáde.

Nọ́ọ̀sì Eyín

Ìyá Àyọ̀, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Iṣẹ́ mi nìyí, ojoojúmọ́ la ń rí i.

Ṣúgà tó yẹ ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin sí mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 19 lọ lóòjọ́, bíi kóró ṣúgà márùn-ún. Oje èso wà nínú rẹ̀, kódà èyí tí wọn kò fi ṣúgà kún. Ohun tó ń ba eyín jẹ́ jù ni kí ọmọ máa mu díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Tó bá fẹ́ mu oje, kó mu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Láàárín, omi tàbí mílíìkì. Tó bá fọ eyín lálẹ́, kó tutọ́ ọṣẹ ìfọyín náà dànù, kó má fi omi ṣan ẹnu, kí fluoride, èròjà inú ọṣẹ náà tó ń dáàbò bo eyín, lè dúró lára eyín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa bá a fọ̀ ọ́ títí yóò fi pé ọdún méje. Ẹ má sì fi ìpàdé dókítà eyín falẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọdé lọ́dọ̀ NHS.

Ìyá Àgbà, Kent

Ọmọ mi, èmi náà ní ọmọ-ọmọ mẹ́fà, mo mọ ohun tó wà nínú Màmá yín. Àgbà tó bá wá sílé ọmọ nílùú òyìnbó, kò ní oko, kò ní ìsọ̀, kò mọ ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí yóò fi mọ̀ pé òun ṣì jẹ́ ìyá nílé yẹn ni kí ọmọ sáré wá pàdé òun lẹ́nu ọ̀nà. Bisikíìtì yẹn kọ́ ni wọ́n ń rà. Ìsáré yẹn ni wọ́n ń rà.

Ẹ má gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ọkọ yín bá wọn sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n bí. Kó kúnlẹ̀ sọ ọ́, kó ní, “Màmá, ẹ bá wa gba eyín ọmọ yìí là.” Àgbà tí wọ́n bá bẹ̀ kì í kọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ mú wọn lọ sí ọjà, kí wọ́n rí ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ibi tí ọsàn wà, àgbàdo. Ẹ̀pà sísun náà dára fún Àyọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fún àbúrò rẹ̀ o, ẹni tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà odindi, ó lè há a lọ́fun.

Ìyá Àyọ̀, Birmingham

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a dé.

Bàbá Àyọ̀ bá Màmá sọ̀rọ̀ bí Ìyá Àgbà ṣe wí. Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní kí Àyọ̀ wá ya ẹnu, wọ́n wo eyín náà fúnra wọn. Wọn kò ra bisikíìtì kankan láti ọjọ́ náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń mú bọ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní Àyọ̀ sunkún, ó ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Màmá mú un, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn kò sọ nǹkan kan. Oje èso, a ti fi sí ìgbà oúnjẹ alẹ́ nìkan. Ìyẹn ṣì ń le, mi ò ní purọ́.

Lánàá, mo ní kí Àyọ̀ gbé páálí bàtà rẹ̀ wá. Ojú rẹ̀ yí padà, ó rò pé mo fẹ́ kó o dànù. Mo ní rárá, mo fẹ́ kó fi hàn Màmá ni. Àwọn méjèèjì jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń dárúkọ wọn fún Màmá lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá gba sísọ́ọ̀sì, wọ́n gé Chase kan jáde, etí rẹ̀ méjèèjì pé, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara abọ́ funfun kan tí mo ní.

Láàárọ̀ òní mo din àkàrà. Mo gbé márùn-ún sínú abọ́ náà. Àyọ̀ bi Màmá pé ṣé Chase máa ń jẹ àkàrà. Màmá ní ajá wo ló máa rí àkàrà tí kò ní jẹ. Ó jẹ méjì àti ààbọ̀. Ó fi ààbọ̀ tó kù sí iwájú ẹnu Chase, ó ní kí n má gbé abọ́ náà kúrò níbẹ̀ títí òun yóò fi ti iléèwé dé.