Dúkù Brunswick wo ló bá Morphy ta chess ní ilé ọ́pẹ́rà?

Atayò64:
Ẹ kú ìjókòó o. Mò ń kọ àlàyé sí eré chess tí Paul Morphy, ògbóǹtarìgì atayò ará Amẹ́ríkà, ta ní ilé ọ́pẹ́rà Paris lọ́dún 1858, níbi tí Dúkù Brunswick (ilẹ̀ kan ní Jámánì) àti Count Isouard ti para pọ̀ ta ayò dúdú. Ibì kan sọ pé Dúkù yìí kú lójú ogun Quatre Bras, ibòmíràn ní ó ń jọba lọ́wọ́. Èwo ni ká gbà?

Onítàn:
Ẹ má gba ìkankan. Ẹni tó kú ní Quatre Bras ní oṣù kẹfà 1815, Friedrich Wilhelm, bàbá rẹ̀ ni. Bàbá àgbà, Karl Wilhelm Ferdinand, fara gbọgbẹ́ lójú ogun Auerstedt ní 1806, ọgbẹ́ náà ló sì pa á. Oyè kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ, ohun tó ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ èèyàn lójú nìyẹn. Ti ilé ọ́pẹ́rà ni Karl Kejì, tí wọ́n bí ní 1804. Nígbà tó ń bá Morphy ta, ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí ará ìlú ti lé e.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣubú lójú ogun. Ìbátan rẹ̀, ẹni tó padà di George Kẹrin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń bá a di ilẹ̀ náà mú títí di 1823. Láàárín ìgbà yẹn, ní 1820, wọ́n ṣe òfin ìpìlẹ̀ tuntun fún Brunswick. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1827, Karl kéde pé òfin tí wọ́n ṣe nígbà tí òun wà lábẹ́ alágbàtọ́ kò de òun. Ìgbìmọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ Jámánì ní Frankfurt dá a lẹ́bi, ó kọ etí ikún. Ní alẹ́ ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án 1830, èrò ya wọ ààfin, wọ́n sì dáná sun ún; Karl ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn sá lọ. Wilhelm àbúrò rẹ̀ bọ́ sórí ìtẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1884. Lójú tèmi, ká ní Karl gba òfin 1820 yẹn ni, àbúrò rẹ̀ kì bá tí rí àyè wọlé.

Amòfin_Ìlú:
Àwa amòfin kò lè gbàgbé Karl láéláé. Ìwé ìròyìn Weekly Dispatch ti London kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1830. Ọdún mẹ́fà péré ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún, Karl rán ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ ra ẹ̀dà kan ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà, ó tún rí òmíràn ní British Museum. Ní 1849 ilé ẹjọ́ ní ìgbàkígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀dà kan lé èèyàn lọ́wọ́, àtẹ̀jáde tuntun ni. Ó gba £500. Ìlànà yẹn ló ń bá ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì jà ní England títí òfin 2013 fi yí i padà. Ẹjọ́ tó pe Ọba Hanover ní tirẹ̀ já sí òfo ní 1848: wọ́n ní ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè dá ọba ilẹ̀ òkèèrè lẹ́jọ́ lórí ohun tó fi agbára oyè ṣe nílẹ̀ rẹ̀.

Olùkọ́_Chess:
Ẹ kọ ìdí tí Dúkù àti Isouard fi fìdí rẹmi náà (lẹ́tà àti nọ́ńbà bíi f8 ni orúkọ ojú ilé lórí pátákó chess): bíṣọ́ọ̀bù f8 àti rook h8 kò kúrò nílé rí títí eré fi parí. Ní ìgbésẹ̀ 9 tó yẹ kí wọ́n dáàbò bo ọba, ọmọ ayò kékeré kan ni wọ́n tì sí b5. Ẹṣin Morphy jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ 16, ó gbé ayaba rẹ̀ sí b8 fún wọn. Ẹṣin wọn tó wà ní d7 ò ní ọ̀nà míì ju kó jẹ ẹ́ lọ. Bó ṣe kúrò ní d7, rook Morphy tó wà ní d1 já gbà á lọ sí d8, bíṣọ́ọ̀bù g5 ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn. Ọba kú, ìgbésẹ̀ 17.

Onítàn:
Mo fẹ́ fi eléyìí kún un. Geneva ni Karl kú sí ní 1873, ní hòtẹ́ẹ̀lì Beau-Rivage. Ìlú náà ló há ogún rẹ̀ fún, kì í ṣe Brunswick, kìkì pé kí wọ́n kọ́ ibojì fún un bíi ti àwọn Scaliger, ìdílé tó jọba nígbà kan ní Verona ní Italy. Wọ́n kọ́ ọ létí adágún, ó parí ní 1879. Wọ́n gbé ère rẹ̀ lórí ẹṣin sí téńté òkè. Wọ́n padà sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ilẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì báyìí. Nínú owó yẹn kan náà ni wọ́n ti kọ́ Grand Théâtre, ilé ọ́pẹ́rà Geneva.