Màmá ní àìsàn motor neurone, wọ́n sì ń rù: kí ni ká máa fún wọn jẹ?

ỌmọBódìjà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 64 ni wọ́n, dókítà sì ti sọ pé àìsàn motor neurone, ìyẹn MND, tó ń ba àwọn iṣan tó ń darí ẹran ara jẹ́, ló ń ṣe wọ́n. Ọwọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti wá dé ahọ́n àti ọ̀fun báyìí. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, kílò 68 ni wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, 61. Omi ń pá wọn lórí, ìrẹsì ń pá wọn lórí, àmàlà ṣì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ ń gbà tó wákàtí kan ààbọ̀, á rẹ̀ wọ́n, wọ́n á sì fi ìdajì sílẹ̀. Wọn ò ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru díẹ̀ ni. Riluzole 50 mg, oògùn àìsàn náà, ni wọ́n ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́.

Kí la lè máa sè fún wọn, báwo la ó sì ṣe sè é, kí rírù yìí lè dúró? Àwọn ará ilé ní epo àti ẹran ò dáa fún aláìsàn, pé ewébẹ̀ àti èso nìkan ni ká máa fún wọn.

Onímọ̀Oúnjẹ_Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ jẹ́ n ti orí ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú ohun tí ẹ kọ. Ẹ yọ 61 kúrò nínú 68, kílò 7 ló lọ, ó sì lé díẹ̀ ní ìdá 10 nínú 100. Nínú àìsàn yìí, ẹni tó bá ti pàdánù tó bẹ́ẹ̀, ó ti yẹ kí ẹ ti máa bá dókítà sọ̀rọ̀ rọ́bà ikùn, ìyẹn rọ́bà tí oúnjẹ ń gbà wọ inú ikùn tààrà. Ohun méjì ló ń mú wọn rù: oúnjẹ ò wọlé tó, ara wọn náà sì lè máa jó oúnjẹ ju ti ẹni tára rẹ̀ le lọ, bí wọ́n tilẹ̀ jókòó sójú kan. Ẹni tó bá ń rù kíákíá nínú MND kì í pẹ́ tó ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ dúró.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn ewébẹ̀ àti èso nìkan yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á. Ewébẹ̀ á kún inú, kò ní fún wọn lágbára. Ṣíbí ìjẹun kan òróró tàbí epo pupa ní bíi 120 kálórì. Ẹ̀fọ́ sísè láìsí epo, ẹ kó o kún àwo, kò tó o. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ ni kí ẹ dín kù, kí ẹ sì yọ káún kúrò nínú ewédú wọn. Ẹ má fọwọ́ kan epo.

Wákàtí kan ààbọ̀ ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ó ti rẹ ọ̀fun, ìgbà yẹn gan-an ni oúnjẹ ń ṣìnà. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀, kí èyí tó lágbára jù bọ́ sí àárọ̀ nígbà tí ara wọn ṣì le.

Ó dáa pé àmàlà ṣì ń lọ. Ẹ rò ó kó rọ̀ ju ti ará ilé lọ: ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ sí i lórí iná, kí ẹ tún un rò, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ wò bóyá kókó wà níbẹ̀. Kókó kan ṣoṣo tó le ló ń há. Àmàlà tó bá tutù a máa le, torí náà ẹ bu ìwọ̀nba, kí ìyókù wà nínú ọ̀rá nínú kúlà. Òkèlè wọn ò gbọdọ̀ ju orí ìka kékeré lọ.

Ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Bí àmàlà bá wà nínú ewédú ṣíṣàn, ohun méjì tí ìrìn wọn ò dọ́gba ló wà lẹ́nu: ewédú á ti yọ̀ wọ ọ̀fun kí gògóńgò tó ráyè pa ọ̀nà ẹ̀dọ̀ fóóró dé, àmàlà á ṣì wà lórí ahọ́n. Ẹ se gbẹ̀gìrì kó ki, ẹ pò ó mọ́ ewédú, kí ẹ wá po gbogbo rẹ̀ mọ́ àmàlà títí á fi di ọ̀kan. Ẹ fi fọ́ọ̀kì bù ú wò. Bó bá jókòó lórí fọ́ọ̀kì bí òkìtì, tí omi ò ya lára rẹ̀, ó ti ṣe é jẹ. Ẹ̀wà gbẹ̀gìrì yẹn, ilé ni kí ẹ ti bó o, kí ẹ sè é kó tú, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ má gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọta: ata tó kù nínú ẹ̀rọ tó láti mú wọn wúkọ́ títí oúnjẹ á fi tán.

Ẹja àrọ̀ dáa, àmọ́ kí ẹ yọ egungun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀, kí ẹ tó gún un mọ́ ọbẹ̀. Mọ́ínmọ́ín tí ẹ lọ̀ kúnná, tí ẹ fi ẹyin àti òróró sí, tí kò ní ẹja gígé nínú, òun náà ń lọ dáadáa. Píà títẹ̀ àti ìbẹ́pẹ títẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìbẹ́pẹ a máa bá wọn mú ìgbẹ́ rọ̀. Èyí tó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀: ìrẹsì, ẹ̀pà wóró, gúgúrú, búrẹ́dì gbígbẹ, iyán tó ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, àti gàrí mímu. Gàrí mímu ló burú jù, omi ṣíṣàn àti wóró pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ife ògì kan, ẹ fi ṣíbí ìjẹun 3 mílíìkì lẹ́búlẹ́bú olọ́ràá sí i, ṣíbí 1 ẹ̀pà lílọ̀ tó kúnná, àti ṣíbí 1 òróró. Ohun tó lé ní 300 kálórì ti wọ inú ife kan náà, ohun tí wọ́n máa gbé mì ò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì_Agbowó:
Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ lókè. Ó ku ọ̀rọ̀ ohun mímu. Omi lásán ló ń yára jù lẹ́nu, ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ ń pá wọn lórí. Ó gbọ́dọ̀ ki díẹ̀. Bí ẹ ṣe máa wọn kíkí rẹ̀ nìyí: ẹ mú sírínjì 10 ml, ẹ yọ ọ̀pá inú rẹ̀, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ bu ohun mímu náà sí i dé orí 10. Ẹ yọ ìka fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ dí i padà. Bí èyí tó kù ò bá tó 1 ml, omi lásán ni. Bó bá wà láàárín 1 sí 4, ó ki díẹ̀. 4 sí 8, ó ki níwọ̀n. Tó bá ti lé ní 8, ó ki gan-an. Bí kò bá ṣàn rárá, ṣíbí ló kù kí ẹ fi bù ú. Onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti gbígbé oúnjẹ mì ló máa sọ èyí tó bá ọ̀fun Màmá mu. Ẹ ní kí dókítà kọ̀wé rán yín sí i, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ohun gbogbo ki.

Ẹ kíyè sí ohun kan nípa ògì àti kọ́sítádì. Èròjà kan wà nínú itọ́ tó ń yọ́ sítáàṣì. Bí ṣíbí tó ti dé ẹnu wọn bá padà sínú ife, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ògì tó ki á ti ṣàn bí omi, bẹ́ẹ̀ ẹ máa rò pé ó ṣì ki. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife kékeré, kí ife ńlá má rí ṣíbí yẹn rárá. Xanthan gum, tí àwọn tó ń ta èlò kéèkì ń tà, kì í yọ́ báyẹn. Ẹ wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀, ẹ rò ó, ẹ dúró ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó fi kún un, torí ó ṣì máa ń ki sí i.

Kí wọ́n jókòó ṣánṣán, kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí wọ́n tẹ àgbọ̀n wá sí àyà díẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gbé e mì. Ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ, kó jókòó kí ojú wọn dọ́gba. Bó bá dúró, Màmá á gbójú sókè, ọ̀nà ẹ̀dọ̀ fóóró á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣíbí tíì ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán, wọn ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30.

Lẹ́yìn òkèlè mélòó kan, ẹ ní kí wọ́n wí pé "áà". Bí ohùn bá ń dún bíi tẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, oúnjẹ kù síbẹ̀: kí wọ́n wúkọ́, kí wọ́n gbé e mì lẹ́ẹ̀kan sí i lófìfo. Ibà tàbí mímí gùlegùle lẹ́yìn oúnjẹ, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí oúnjẹ bá há tí wọn ò lè mí, ẹ má fún wọn lómi, ẹ má ki ìka bọ ẹnu. Ẹ tẹ̀ wọ́n síwájú, ẹ gbá wọn láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn wọn, ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ fa ikùn wọn sínú àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ tún un ṣe.

ỌmọBódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á san án fún yín. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní láfún àti gàrí tí Màmá jẹ láti kékeré ló fà á. Wọ́n sì ti ń se àgbo. Màmá fúnra wọn ní ọ̀rọ̀ wọn ò tíì dé orí rọ́bà, àti pé àwọn á gbààwẹ̀ Ràmàdáánì.

Bàbá_Ìdí-Àpẹ́:
Ìbẹ̀rù ẹ̀gẹ́ yìí ní orísun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn níbí, ṣèwádìí ní àwọn ọdún 1960 lórí àìsàn kan tó ń mú àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ nǹkan mìíràn ju ẹ̀gẹ́ lọ: ẹsẹ̀ á kú tipiri, ìrìn á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ojú àti etí á dà rú. Òmíràn wà ní Kóńgò àti Mòsáḿbíìkì, konzo, tí ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn ò rẹ dáadáa ń fà. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń dédé le gan, kì í sì í tẹ̀síwájú lẹ́yìn ìyẹn. Ti Màmá ń tẹ̀síwájú, ó sì ti dé ahọ́n. Àìsàn mìíràn ni. Láfún tí wọ́n rẹ dáadáa kọ́ ló fà á.

Ní ti àgbo, ẹ dáwọ́ dúró. Riluzole lè yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí àgbo bá dà pọ̀ mọ́ ọn, tí ẹ̀dọ̀ wá bà jẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó fà á. Omi ṣíṣàn tó korò sì ni àgbo, ẹ ti mọ ohun tíyẹn ń ṣe fún ọ̀fun wọn. Òfìfo inú ni kí wọ́n máa lo riluzole, wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀, torí oúnjẹ ọlọ́ràá ń dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ má lọ̀ ọ́ sórí ṣíbí fún wọn: tó bá ti di lẹ́búlẹ́bú, ó máa ń mú kí ahọ́n kú tipiri, ẹnu tó kú tipiri ò sì mọ ibi tí oúnjẹ wà.

Nọ́ọ̀sì_Agbowó:
Ẹ ṣàlàyé fún Màmá pé rọ́bà ikùn kì í gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Wọ́n ṣì lè máa tọ́ àmàlà wò, rọ́bà ló kàn máa gbé ẹrù tó pọ̀ jù. Èémí ló ń lé wa. Dókítà máa ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan, èsì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní FVC. Nígbà tó bá ṣì lé ní ìdá 50 nínú 100 ti ẹni tára rẹ̀ le, fífi rọ́bà sí i kì í léwu púpọ̀. Bó bá ti lọ sílẹ̀ jùyẹn lọ, ewu á pọ̀. Ẹ béèrè FVC wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì béèrè onímọ̀ oúnjẹ ní UCH tàbí ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ.

Bí rọ́bà bá ti wà, omi 30 sí 50 ml ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, àti láàárín oògùn kọ̀ọ̀kan. Ewédú ò gbọdọ̀ gbabẹ̀, okùn rẹ̀ á dí i. Oúnjẹ ilé tí ẹ bá lọ̀, ẹ fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ da èyí tó bá ti wà níta ju wákàtí méjì lọ nù. Bó bá dí, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ máa tì kí ẹ máa fà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi mínírà sí i, á mú mílíìkì inú rẹ̀ dì. Ẹ má sì ki wáyà bọ̀ ọ́.

Onímọ̀Oúnjẹ_Mọ́kọ́lá:
Ààwẹ̀ ńkọ́: ara tó ń jó báyìí ò lè fara da wákàtí mẹ́tàlá láìsí oúnjẹ àti omi. Súrà 2, ẹsẹ 184, ti yọ aláìsàn kúrò, ẹni tí kò sì ní lè san án padà máa ń bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ bá àlùfáà àdúgbò yín kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún Màmá nílé. Wọ́n á gbà á lẹ́nu tiwọn ju tiyín lọ, ẹ sì lè jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yan ẹni tí wọ́n fẹ́ bọ́.