Àwo BZ wa pupa ṣáá, ìgbì kò yọ. Kí ló fà á?

Ará Tanke
Ẹ ń lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìgbì Belousov-Zhabotinsky (BZ), ìyẹn ìgbì àwọ̀ tó ń rìn nínú àwo kẹ́míkà, la fẹ́ fi han àwọn ọmọ SS3 ní Ìlọrin níbí. A: sulphuric acid líle 2 ml àti sodium bromate 5 g nínú omi 67 ml. B: sodium bromide 1 g nínú omi 10 ml. C: malonic acid 1 g nínú omi 10 ml. A da A 6 ml, B 0.5 ml àti C 1 ml pọ̀, a wá fi ferroin (aró tó ń ti pupa yí sí búlúù) 1 ml tí a fọwọ́ ara wa pò sí i. Ó pupa kalẹ̀, kò yí padà fún ìdajì wákàtí. Omi bóhòólù la lò.

Ọmọ Ọ̀fà
Omi yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Chloride inú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú iyọ̀, ló ń pa ìgbì. Piọ wọ́tà kò sàn jù ú lọ, sísẹ́ ni wọ́n kàn sẹ́ ẹ. Omi distilled ni kí ẹ wá. Ẹ kán nitric acid díẹ̀ àti silver nitrate sí i: bó bá funfun bí omi ògì, ẹ dà á nù. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ o, iyọ̀ wà nínú òógùn.

Ẹ ò sì sọ bóyá ẹ dúró. Bí A, B àti C bá pàdé, bromine á yọ, omi á dà bí tíì. Ẹ bò ó níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí àwọ̀ náà ṣá tán kí ferroin tó wọlé. Ásíìdì sínú omi, kì í ṣe omi sínú ásíìdì! Ásíìdì àwọn oníbátìrì ò ṣe é lò, ìdọ̀tí pọ̀ nínú rẹ̀.

Ará Tanke
A ti pààrọ̀ omi, silver nitrate ò funfun, a sì dúró. Pupa náà ni.

Ọmọ Òmù-Àrán
Ẹ ka ara ìgò phenanthroline tí ẹ fi pò ferroin yín. Ṣé "hydrochloride" ni wọ́n kọ síbẹ̀? Chloride ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nìyẹn. "Monohydrate" ni kí ẹ rà: 1.49 g pẹ̀lú iron(II) sulphate oníomi méje 0.70 g, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100 ml. Ferroin 0.025 M nìyẹn. Ẹ má lo iron chloride.

Ará Tanke
Hydrochloride ni lóòótọ́! Ẹ ṣé gan-an. Tí a bá rí potassium bromate ńkọ́?

Ọmọ Òmù-Àrán
Èyí tí NAFDAC lé kúrò nínú búrẹ́dì? Kì í tètè yòrò: 5 g nínú omi 67 ml fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé góńgó, á sì dì padà nínú yàrá oní-AC. Ẹ dúró ti sodium.

Bí ìgbì bá yọ, ẹ jẹ́ kí omi inú àwo 90 mm fẹ́lẹ́, bíi 1 mm, 8.5 ml yín á tó o. Òwúrọ̀ ni kí ẹ ṣe é. Nínú ooru Ẹrẹ́nà, ìgbì á máa sáré jù, ìfóòfó carbon dioxide á sì bà á jẹ́. Ìgbì búlúù méjì tó bá pàdé a pa ara wọn, wọn kì í gba inú ara wọn kọjá bíi ti odò. Ẹ fi ẹnu pipette fa ìlà gba àárín ọ̀kan: ibi tó já á ká bí ìkarahun ìgbín.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ má pè é ní àrà Turing (ti Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò) fún àwọn ọmọ o. Ti Turing kì í rìn, ojú kan ló ń dúró sí. Ọdún 1952 ló fi ìṣirò gbé e jáde. Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti rí i nínú gẹ́ẹ̀lì ní 1990, chlorite, iodide àti malonic acid ni wọ́n sì lò.