Màmá mi ń rù, ìrìn wọn ti falẹ̀, ṣé ọjọ́ orí náà ni àbí kí n gbé wọn lọ sí ọsibítù?

OmoAkureGidi:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ti pé ọdún 78, Ìsinkàn l'Ákùrẹ́ níbí ni wọ́n ń gbé. Láti bí ọdún kan ni wọ́n ti ń rù, ìró tó ń ṣe wọ́n rẹ́gí tẹ́lẹ̀ ti ń yí wọn po báyìí, wọn ò gbààwẹ̀, wọn ò ṣàìsàn kankan tí a mọ̀. Tẹ́lẹ̀ wọ́n máa ń fẹsẹ̀ lọ Ọjà Ọba wọ́n á sì fẹsẹ̀ bọ̀, àmọ́ ní báyìí kí wọ́n tó ti yàrá dé pálọ̀ wọ́n á ti di ògiri mú, wọ́n á ní ó ti rẹ àwọn. Ìdérí ìgò omi, wọn ò lè ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara àgbà ni, ká jẹ́ kí wọ́n sinmi, ó ti wá gba ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ṣe gbogbo nǹkan fún wọn títí kan aṣọ wíwọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ ṣá.

FisioAlagbaka:
Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn dókítà ń pè é ní frailty, ìyẹn ni kí okun ara àgbàlagbà máa tán, ọ̀tọ̀ sì ni òun àti ọjọ́ orí, torí ẹ máa rí bàbá ẹni 85 tó ṣì ń lọ oko kòkó, ẹ máa rí ẹni 70 tí ò lè dá dìde lórí àga. Ní 2001 Linda Fried àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé àmì márùn-ún kalẹ̀: kéèyàn rù tó kílò 4.5 lọ́dún kan láìjẹ́ pé ó fẹ́ rù, kó máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, kí ọwọ́ má lè di nǹkan mú dáadáa mọ́, kí ìrìn falẹ̀, kó má fi bẹ́ẹ̀ lo ara. Tó bá ti pé mẹ́ta, ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ ka ti màmá nínú ohun tí ẹ kọ.

Kókó ibẹ̀ ni pé ó ṣeé dá padà díẹ̀. Ìwádìí kan jáde ní 1994, àwọn arúgbó 100 tó wà nílé ìtọ́jú ní Boston, ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní 80, wọ́n ní kí àwọn kan máa fi ẹsẹ̀ gbé nǹkan tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ 10, agbára iṣan wọn lé ní ìlọ́po méjì. Àwọn tí wọ́n kàn fún ní oúnjẹ aṣaralóore láìṣe eré ìdárayá, kò fi agbára kún iṣan wọn. Torí náà ẹ sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn kó jẹ́ kí màmá wọ aṣọ fúnra wọn, bó ti wù kó pẹ́ tó.

IyaIbejiOndo:
Òótọ́ ni o, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà ṣe pàtàkì tí ìdárayá bá ti wà. Bàbá ọkọ mi níbí l'Óǹdó, ògì ni àárọ̀, ògì ni alẹ́, torí eyín ò sí. Àgbàlagbà tó wọn kílò 50 nílò tó gíráàmù 50 sí 60 purotéènì lójúmọ́, ẹyin kan ò ju bíi 6 lọ, ẹ rò ó wò. Mọ́ínmọ́ín tó rọ̀ dáadáa, ẹja tí wọ́n ti yọ egungun ẹ̀, ẹ̀wà tó jinná di ẹ̀tẹ̀tẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ síí fi há ògì náà láàárín. Ẹ tún wo oògùn wọn o! Kẹ́místì kan ló ń ta diazepam fún bàbá kí wọ́n lè sùn, bẹ́ẹ̀ irú oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí arúgbó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kó sì ṣubú. Ẹ má kàn dá a dúró lójijì ṣá, dókítà ló ń dín in kù.

OkeIdanre:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tí ò lè rìn ni ẹ ní kó máa ṣe eré ìdárayá, tó bá wá fi itan ṣẹ́ ńkọ́?

FisioAlagbaka:
Ìbẹ̀rù yẹn tọ̀nà, ìyẹn ni a kì í fi bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ jíjókòó gan-an ló ń jẹ iṣan tán. Ìwádìí LIFE tó jáde ní 2014, èèyàn 1,635 láti ọdún 70 sí 89, àwọn tó ń rìn tí wọ́n sì ń dá ara yá, iye tí kò lè rin mítà 400 mọ́ nínú wọn kéré sí ti àwọn tí wọ́n kàn ń gba ẹ̀kọ́ ìlera. Fún màmá, àga tó le ni kẹ́ ẹ gbé ti ògiri, kí wọ́n dìde kí wọ́n jókòó pẹ̀lẹ́, kí èèyàn dúró tì wọ́n.

OmoAkureGidi:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo máa fi han ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni kí n kó dání lọ sí ọsibítù?

FisioAlagbaka:
Gbogbo oògùn tó wà nílé, ẹ kó o sínú ọ̀rá kan, àgbo náà, má fi ìkankan sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n wá ohun tó ń mú wọn rù kẹ́ ẹ tó dá ara yín lójú pé ọjọ́ orí ni.